Ìwé Ìlànà fún Ọ̀gá Awakọ̀ Tó Gbọ́n Ju Ọkọ̀ Rẹ̀ Lọ

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tí ẹ ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí epo ṣì wà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka méjì yí sítíárìn, tí ọwọ́ kejì yín wà lójú fèrèsé tó ń kí aráàlú, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ ìlànà yìí fún. Àwọn ọlọ́gbọ́n kò nílò rẹ̀. Wọ́n ti ka ìwé pélébé tó bá ọkọ̀ wọn wá. Ẹ̀yin náà lo tiyín dáadáa: ẹ fi nu ọ́ìlì.

Bọ́tìnì kékeré kan ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ó lè wà nítòsí sítíárìn, ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Wọ́n ya ọkọ̀ sí i, wọ́n fa ìlà kọ́lọkọ̀lọ méjì sẹ́yìn ọkọ̀ náà, àfi bí ẹni pé awakọ̀ rẹ̀ ti mu ẹmu yó. Toyota ń pè é ní VSC, Honda ní VSA, Nissan ní VDC, BMW ní DSC, Mercedes ní ESP. Orúkọ ló pọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Lábẹ́ àwòrán yẹn, wọ́n kọ OFF. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀dẹ̀ kì í rí OFF kó má tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ọmọ yín tó wà ní Poly bá fẹ́ ṣàlàyé, ẹ tètè pa á lẹ́nu mọ́, torí ohun tó fẹ́ sọ lè wọ̀ yín létí. Ó fẹ́ sọ pé sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan tó ń ka bó ṣe ń yí. Òmíràn wà lábẹ́ sítíárìn, ó ń wo ibi tí ọwọ́ yín kọ ọkọ̀ sí. Òmíràn tún ba sí àárín ọkọ̀, níbi tí ojú kò tó, òun ló ń sọ ibi tí ara ọkọ̀ ń yí sí ní ti gidi. Kọ̀ǹpútà á wá máa fi ohun tí ọwọ́ ń fẹ́ wé ohun tí ara ọkọ̀ ń ṣe, lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan. Bí méjèèjì bá ti bára mu, kò ní dá sí yín. Ẹ lè wa ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá kí ẹ má mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ká ní òjò ti rọ̀, ẹ wá wọ kọ́nà. Ẹ yí ọwọ́ sí òsì, imú ọkọ̀ taku, ó ń lọ tààrà sínú gọ́tà. Kọ̀ǹpútà á di búréèkì táyà ẹ̀yìn apá òsì nìkan mú, á sì gba díẹ̀ lára agbára ẹ́ńjìnnì, kí imú lè padà síbi tí ẹ ní kó lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ ló ń sá jáde, tó fẹ́ sọ ẹ̀yìn di iwájú, táyà iwájú apá ọ̀tún ló máa dì mú.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan iyì yín. Pẹ́dàlì búréèkì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́. Kò sí awakọ̀ náà, ìbáà ti fi ogójì ọdún wa tìrélà láti Àpápá dé Kano, tó lè di táyà kan mú kó fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀. Torí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá là á mọ́lẹ̀ níbi ìmùtí pé ẹ̀yin mọ ọkọ̀ wà ju kọ̀ǹpútà lọ, ohun tí ẹ ń sọ fún aráyé ni pé ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹ ní.

Àwọn ará Jámánì náà gbéra ga rí, kò sì so èso rere. Bosch àti Mercedes-Benz ló jọ ṣe ESP, wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e sínú Mercedes ńlá olówó gọbọi lọ́dún 1995. Lọ́dún yẹn kan náà ni Toyota gbé tirẹ̀ jáde ní Japan. Ohun tí olówó fi ń ṣe fáàrí ni nígbà yẹn. Nígbà tó di 1997, Mercedes ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó kúrú, tó sì ga, wọ́n pè é ní A-Class. Wọn ò rí ìdí tí ọkọ̀ kékeré fi gbọ́dọ̀ ní ESP ní dandan. Lóṣù October ọdún náà, àwọn oníwèé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, Teknikens Värld, gbé e jáde lọ dán wò.

Ìdánwò yẹn kò ní awo nínú. Ẹ máa sáré bọ̀, ẹ yà lójijì bí ẹni tó rí ẹranko lójú ọ̀nà, kí ẹ sì tètè padà sí apá tiyín kí ẹni tó ń bọ̀ níwájú má baà gbá yín. Ní Sweden, irú àgbọ̀nrín ràbàtà kan ni ẹranko náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga débi pé ara rẹ̀ lè wọlé bá yín lójú gíláàsì. Ní tiwa, ewúrẹ́ ni, tàbí kòtò tí òjò àná gbẹ́, tàbí ọlọ́kadà tó ń bọ̀ wá pàdé yín lójú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, tó sì tún ń bínú sí yín. Robert Collin ló wa A-Class lọ́jọ́ náà. Ó yà, ó ní kí òun padà, ọkọ̀ dojú dé. Mercedes o! Ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé tiwọn ni!

Ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Làwọn kan bá lọ gbé Trabant, ọkọ̀ akúṣẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Ìlà-Oòrùn Jámánì ayé àtijọ́, wọ́n fi ṣe irú ìdánwò kan náà. Trabant yà, Trabant padà, Trabant ò ṣubú. Ẹ̀sín ayé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Mercedes fi dá títa A-Class dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n pe àwọn tí wọ́n ti tà padà, wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi ESP sí gbogbo rẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìtìjú yẹn ló sọ ohun fáàrí di ohun gbogbo ènìyàn.

Lọ́dún 2007 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé òfin jáde pé láti September 2011, ọkọ̀ kékeré tuntun kankan kò gbọ́dọ̀ jáde láìní in. Yúróòpù náà parí tiwọn ní 2014. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin yẹn, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí á dín jàǹbá ọkọ̀ tó dá nìkan ṣe ara rẹ̀ léṣe kù ní ìdá 34 nínú 100 fún ọkọ̀ kékeré, ìdá 59 fún jíìpù. Ẹ tún ti jíìpù yẹn kà. Jíìpù tí ẹ rà kí aládùúgbò lè mọ̀ pé Ọlọ́run ti ṣe é ni wọ́n ń sọ. Ó ga, orí rẹ̀ wúwo, kò sì le fún un láti dojú dé.

Amẹ́ríkà kan náà ni ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ wa ti ń wọlé, nítorí náà bí tiyín bá jẹ́ ti 2012 sókè, ó wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn Camry Muscle, òmíràn ní in, òmíràn kò ní. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: bí iná ọkọ̀ oníkọ́lọkọ̀lọ yẹn bá tàn tó sì kú, ẹ ní in. Bí kò bá tàn rárá, yálà ẹ kò ní, tàbí rẹwáyà kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú yín. A máa padà sórí rẹwáyà.

Ó yá, ìgbà wo ni kí ẹ pa á? Ẹ pa á nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, pàápàá bí ẹ bá ti pẹ́ dé òde ìnáwó. Ọ̀rẹ́ yín kan tó ń gbé Lekki ti sọ fún yín pé bí ẹ bá pa VSC, ẹ́ńjìnnì á lágbára sí i. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. VSC kì í fọwọ́ kan agbára ẹ́ńjìnnì àfi bí táyà bá ti ń yọ̀. Agbára tí ẹ ó gbà padà nígbà náà ni èyí tí táyà ì bá fi gbé yín wọ inú igbó. Tiyín ni, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ tún pa á nígbà tí àna yín bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, kí wọ́n lè rí bí ẹ ṣe ń já kọ́nà bíi ti inú Fast and Furious. Àwọn tó ń ṣe é nínú fíìmù yẹn ní táyà tuntun, wọ́n ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ti dí pa, wọ́n tún ní ọkọ̀ mìíràn tó jọ èyí bí ojú rí bí èyí bá fọ́. Ẹ̀yin ní ọmọ mẹ́ta àti gbèsè kóópù. Mi ò jiyàn pé àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje lórí pápá máa ń pa á. Iṣẹ́ wọn ni, ọkọ̀ ìwòsàn sì ń dúró dè wọ́n létí pápá. Bí ẹ bá ti ṣètò tiyín sí Ògèrè, ẹ máa bá eré lọ.

Nípa iná tó ń ṣẹ́jú: bí ẹ bá wà lórí eré, tí iná oníkọ́lọkọ̀lọ náà ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tó ń wí ni pé, "Ọ̀gá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yín sílẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ ẹsẹ̀." Ògbólógbòó ọ̀dẹ̀ á rí i, á pòṣé, á ní rẹwáyà ti tún jẹ owó òun gbé, á sì tẹ epo sí i kó lè tètè délé lọ bá a jà.

Èyí tó tàn tí kò ṣẹ́jú lọ̀ràn mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Lexus, bí iná "check engine" bá tàn, kọ̀ǹpútà á ní kí VSC náà lọ jókòó, iná tirẹ̀ á sì tàn sí i. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo èéfín lè fà á. Ìdérí ojú epo tí ọmọ ilé epo kò dé dáadáa lè fà á. Ẹ ṣọ́ra o, ẹ má lọ yẹ ìdérí epo wò, torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sábẹ́ igi, lọ́dọ̀ ọmọdékùnrin tó gbé táyà jókòó.

"Dádì, VSC yín ti kú."

"Ta ló pa á?"

"Ọkọ̀ ti dàgbà ni, sà. Ká yọ páńpù ABS yìí. Mo mọ ẹni tó ní Bẹ́ljíọ̀mù rẹ̀ tó mọ́ dáadáa."

"Èló ni?"

Ó pe owó kan tó lè san owó ilé ọdún kan. Ẹ dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Ó wá sún mọ́ yín bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìdílé.

"Àbí ká kàn pa iná yẹn, sà?"

"Ó ṣeé ṣe?"

"Kékeré báyìí."

Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Á tú dáṣíbọ́ọ̀dù, á fi téèpù dúdú lé ojú iná náà, á dá a padà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta á ṣẹ́kù sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Láti rí àyè fọwọ́ bọ ibẹ̀, ó kọ́kọ́ yọ sítíárìn. Nígbà tó dá a padà, ó fi eyín kan gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa rí i pé bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, lógò àárín sítíárìn yín á tẹ orí sọ́tùn-ún. Ọ̀dẹ̀ á ní ìyẹn ò pa èèyàn. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ọwọ́ yín kò mọ̀ pé rẹwáyà ló gbé e síbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ ń yí sọ́tùn-ún láti Mókọ́lá dé Ṣágámù, ọkọ̀ sì ń kọ̀ sí yín lẹ́nu. Yálà kọ̀ǹpútà á kọ iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kó di táyà tí kò yẹ mú lọ́jọ́ tí kò yẹ. Ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò sọ fún un pé, "Ibí yìí ni àárín." Téèpù dúdú kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn rẹwáyà tó ti gòkè ju téèpù lọ á yọ fíùsì. Èyí ni mo fọwọ́ sí jù fún ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ̀rọ kan náà ló ń bá VSC àti ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà gan bí ẹ bá tẹ búréèkì, di búréèkì mú, fíùsì tó bá pa ọ̀kan sábà máa ń pa èkejì. Ẹ ti san owó ẹyọ kan, ẹ gba méjì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ lórí ọ̀dà tútù, táyà á gan, sítíárìn ò ní gbọ́ràn mọ́, ẹ ó sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ Dangote pẹ̀lú dáṣíbọ́ọ̀dù tó mọ́ tónítóní, tí kò sí iná kankan lójú rẹ̀.

Ti táyà ò gùn. VSC kì í dá agbára ìdìmú sílẹ̀, èyí tí táyà bá ní ló ń pín. Bí táyà yín bá jẹ́ Tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti dán bí orí àgbà, kò sí ohun tó fẹ́ pín. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lẹ́yìn DOT: 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2009. Ọ̀dẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ wò ó, torí fọ́kánáísà ti fi nǹkan dúdú kun táyà náà, ó ń tàn yanran. Ẹ má sì gbàgbé láti fi ìwọ̀n mìíràn sí ẹsẹ̀ kan, kí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí táyà ṣe ń yí lè máa rí ìṣirò tí kò bára mu.

Ó wá ku ibi tó yẹ kí ẹ pa á ní tòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀dẹ̀ kì í sì í pa á.

Ẹ fojú inú wo àdúgbò kan lẹ́yìn Mówé, tí ọ̀dà kò tíì dé, lóṣù kẹsàn-án. Agbádá funfun wà lọ́rùn yín, ìyàwó yín ti wé gèlè tí kò jẹ́ kó lè yí ọrùn. Táyà iwájú méjèèjì wọ ẹrẹ̀. Ẹ tẹ epo. Táyà fẹ́ yí, kọ̀ǹpútà rí i pé ó ń yọ̀, ló bá gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ ké wá ń kùn lábẹ́ ọ̀fun. Iná ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ kò mira. Ẹ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, bákan náà ló rí. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ti yọ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ká ṣòkòtò dé orúnkún.

"Àlàájì, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ń tẹ̀ ẹ́!"

"Kò dún o! Jíà yín ti lọ, sà!"

Jíà yín ò lọ síbì kan. TRC ni, àbúrò VSC tí wọ́n jọ ń gbé nídìí bọ́tìnì kan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí táyà yí lófo. Lórí ọ̀dà, ọ̀rẹ́ yín ni. Nínú ẹrẹ̀, nínú yanrìn etí òkun, yíyí lófo díẹ̀ yẹn lẹ nílò, kí eyín táyà lè ha ẹrẹ̀ kúrò kó fi kan ilẹ̀ tó le lábẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Chicago mọ èyí nínú yìnyín: wọ́n á pa á, wọ́n á mi ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n á jáde, wọ́n á sì tan án padà.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ yọwọ́: TRC nìkan ló pa, bí eré bá sì ti ń pọ̀ sí i, á padà wá fúnra rẹ̀. Èyí tó fún ẹrẹ̀. Ẹ na sítíárìn tààrà, ẹ fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ tẹ epo, ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tún bọ́ síwájú, kí àwọn ọmọ yẹn sì fi pákó sábẹ́ táyà. Bí ẹ bá fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á wa kòtò fúnra rẹ̀, ẹrẹ̀ á kun àwọn tó ń tì yín, owó tí wọ́n máa gbà á sì di ìlọ́po méjì.

Bí ẹ bá di bọ́tìnì náà mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ nígbà tí ọkọ̀ dúró, TRC àti VSC ló kú pa pọ̀, eré kò sì ní jí wọn. Ọ̀pọ̀ ló ti ẹrẹ̀ jáde báyìí, wọ́n nu ìlàágùn, wọ́n fún àwọn ọmọ lówó, wọ́n bọ́ sí márosẹ̀, wọ́n ń sá 120 pẹ̀lú ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ́. Ẹ tún tẹ bọ́tìnì náà, tàbí kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tún un ṣí, gbogbo rẹ̀ á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ wá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa gbàgbé pé a pa òun. Ẹni tó bá wá fẹ́ kó wà ní pípa títí ayé, iṣẹ́ ń bẹ fún un. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ ṣí ọkọ̀, ẹ dúró lójú kan, ẹ di bọ́tìnì mú, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó lé díẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀ nílé epo, ẹ tún un ṣe. Ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, ẹ tún un ṣe kí àwọn tó wà lẹ́yìn yín tó máa fọn fèrè. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la.